Oyin Wọ Àmù Ìyá Wa

  Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Òṣogbo. Mo jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí ẹlòmíì má bàa ṣe irú ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sílé wa rí mọ ọgbà Ìyá. Kò tóbi. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí síbi ògiri àwọn aládùúgbò wa. Ibẹ̀ ni òdúndún wà, ibẹ̀ ni rinrin àti tẹ̀tẹ̀ wà, pèrègún ni wọ́n fi pààlà. Ewúro wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí àti elégédé sì máa ń fà káàkiri ilẹ̀. Láti kékeré ni Ìyá ti ń bọ Ọ̀ṣun, wọn kì í sì í ra ewé lọ́jà tí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá kò. Wọ́n ní ewé tí èèyàn gbìn fúnra ẹ̀, tó ń kí láràárọ̀, òun ló mọ ohùn ẹni.

Ní ìdí pèrègún, àmù ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti sán. Ti ìyá tó bí Ìyá ni. Omi ni wọ́n ń pọn sí i nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì dé àdúgbò wa. Nígbà tó sán, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ gbà á láti sọ ọ́ nù. Wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tó ti sán yẹn ò ju kí ìka méjì kọjá lọ.

Ibẹ̀ ni oyin gbà wọlé.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, nígbà tí ọ̀yẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata bá ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Mo gbójú sókè, mo rí wọn, wọ́n dúdú bí ìkùukùu. Wọ́n bà sórí ẹ̀ka igi àgbálùmọ̀ aládùúgbò wa, wọ́n so mọ́ra wọn títí wọ́n fi rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Wọn ò ta ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo wọn gbéra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú àmù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èrò tó ń wọ ọjà.

Ìyá dúró lókèèrè, wọ́n wo wọn. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin aládùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ọmọ mi o."

Ohun tí mo ṣe

Oṣù méjì gbáko ni a fi bá oyin gbé láìjà. Ìyá á já ewé wọn lápá ọ̀hún, oyin á máa lọ, á máa bọ̀ lápá ibi. Ẹ̀gúsí wa so lọ́dún náà débi pé a fún àwọn aládùúgbò. Ṣé ẹ mọ̀ pé òdòdó akọ àti òdòdó abo ni ẹ̀gúsí àti elégédé máa ń ní? Tí kòkòrò kankan ò bá gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ lọ bá abo, ọ̀pọ̀ òdòdó náà á kàn rẹ̀ dànù ni. Oyin ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn tí a ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n sì ti ń pọ̀ ni ìbínú wọn ń yá sí i. Lọ́jọ́ kan, a so adìẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pèrègún. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti ta á pa. Adìẹ náà ò rí ibi sá sí, torí a so ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ká da bẹntiróòlù sí i lóru, ká ṣáná sí i, kí gbogbo ẹ̀ parí. Ìyá ní rárá, pé a ò gbọ́dọ̀ finá sun ohun tó ń pèsè ohun tí a fi ń bọ Ọ̀ṣun, a ò sì gbọ́dọ̀ fọ́ àmù ìyá àwọn. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àwo, wọ́n sì dá Ifá. Odù tó jáde àti ohun tó sọ, ti ilé wa nìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ohun tí mo lè sọ ni pé sùúrù wà lára ohun tí wọ́n ní ká fi rúbọ. Bàbá Àwo tún ní ká wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, pé ohun tí ojú awo ò bá tó, ojú oníṣẹ́ á tó o.

Èmi tí mo fi ọdún 31 ṣe tíṣà, mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé. Mo ní kí ni a fẹ́ wá oníṣẹ́ sí? Mo ra oògùn ẹ̀fọn alágolo méjì, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, oòrùn mú ganrínganrín, mo fi ìborùn wé orí, mo sún mọ́ àmù náà, mo sì fọ́n oògùn sí ojú ibi tó sán títí agolo kan fi tán.

Hàà! Ẹ̀yin ará mi, ńṣe ni ẹ̀yìnkùlé ṣókùnkùn. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú tú jáde. Mo sá. Bí mo ti ń sá lọ sílé ìdáná ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, ń jáde bọ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Èmi ni oyin ń lé, òun ni wọ́n bá lọ́nà. Mo tú ìró ìdí mi, mo fi bò ó, mo gbé e wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ka ẹ̀gún oyin 14 lórí àti lọ́rùn rẹ̀. Tèmi, mi ò kà á.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó wà nílé kejì sá fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ síta. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni àdúgbò fi ti fèrèsé, torí ẹ̀bi tèmi.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ojú rẹ̀ sì wú. Àbúrò mi fi ọkọ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ní ká dúró kí àwọn máa ṣọ́ ọ. Mo jókòó tì í, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò ṣèlérí fún Ọ̀ṣun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ìyá ò bá mi wí. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí itan, wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì ní, "Ká ní o bèèrè ni, o ò bá ti gbọ́." Kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ẹ̀.

Ọmọ ọlọ́yin dé

Obìnrin kan tó ń ta oyin lọ́jà ló júwe ọmọkùnrin kan fún wa, tó ń sin oyin ní oko lẹ́yìn ìlú. Ó wá láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó dúró lókèèrè, ó wo àmù náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ti fi nǹkan kan sí i?" Mo jẹ́wọ́. Ó mi orí. Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 5 kí inú wọn rọ̀, kí ẹnì kankan má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí ibẹ̀, torí pé bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n, ìjà ni oyin máa ń rò pé ó dé.

Lẹ́yìn tó jókòó, ó là wá lóye. Ó ní nígbà tí oyin wọ̀nyẹn so rọ̀ sórí igi àgbálùmọ̀, ìrìn àjò ni wọ́n wà. Tí ilé wọn bá ti kún jù, ayaba wọn àtijọ́ á kó nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á jáde lọ wá ibòmíì, wọ́n á sì fi ilé sílẹ̀ fún ayaba tuntun. Lásìkò yẹn, wọn ò ní ilé, wọn ò ní ọmọ, wọn ò ní oúnjẹ tí wọ́n ń ṣọ́, ikùn wọn sì kún fún oyin tí wọ́n mu dání. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká ti pe òun, iṣẹ́ wákàtí kan péré ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ́ afárá, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti kó oyin pamọ́, ohun ìní wọn ni wọ́n ń jà fún, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa jà fún tiwa.

Mùsùlùmí ni ọmọ náà. Ó rí ojúbọ Ìyá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní orí kẹrìndínlógún nínú Kùránì, oyin ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá dáhùn pé, "Ṣé o rí i? Oyin ò bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe. Bó o bá ṣe wọ̀ ọ́ ló ṣe máa dá ẹ lóhùn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó padà wá pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀n bo ojú wọn. Ó ní oyin kì í fẹ́ràn aṣọ dúdú. Ó fi ọ̀rá pupa wé ojú tọ́ọ̀ṣì, torí pé ojú oyin kì í rí iná pupa. Ó ní agolo kan tó ní ẹwìrì lẹ́yìn. Ó fi ṣùkù àgbàdo gbígbẹ dáná sínú rẹ̀, ó ń fẹ́ èéfín tútù díẹ̀díẹ̀ sí ojú ibi tó sán. Ó ṣàlàyé fún wa pé tí oyin kan bá ta èèyàn, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó dà bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, òórùn náà ló ń pe àwọn yòókù wá síjà. Èéfín ló ń bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀. Oyin á sì tún rò pé iná ń jó oko, wọ́n á sáré lọ mu oyin kún ikùn kí wọ́n lè gbé e sá. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kún kì í fẹ́ jà.

Wọ́n rọra yí àmù náà padà. Èmi dúró lójú fèrèsé, mo rí inú rẹ̀. Afárá 9 ni mo kà, wọ́n tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí aṣọ inú àpótí, gbogbo wọn ló so mọ́ ìsàlẹ̀ àmù tó ti di òrùlé wọn. Ọmọ náà fi ọ̀bẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọmọ oyin wà nínú rẹ̀, ó fi òwú so ó mọ́ igi pẹlẹbẹ, ó sì tò ó sínú àpótí tó gbé wá. Lórí afárá kan tó wà láàárín ló ti rí ayaba, tí ara rẹ̀ gùn ju tàwọn yòókù lọ. Ó rọra mú un sínú àpótí. Láìpẹ́, àwọn oyin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà àpótí náà, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn. Ó ní àwọn tó ń pe ará ilé nìyẹn, pé, "Ibí ni ìyá wa wà o, ẹ máa bọ̀." Àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọlé.

Nígbà tí òru jìn, tí gbogbo wọn ti wọlé, wọ́n fi àwọ̀n dí ẹnu àpótí, wọ́n gbé e lọ sóko. Oko náà jìn ju máìlì mẹ́ta lọ. Ó ní tí àwọn bá gbé e sítòsí, àwọn tó ń lọ wá oúnjẹ á tún padà wá sí ojú ilé wọn àtijọ́, wọ́n á máa wá ilé tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àmù Ìyá ò fọ́. Kódà kò tún sán sí i.

Oyin tí a sin

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kù. Àwọn afárá tó kún fún oyin wà níbẹ̀, wọ́n ń dán bí wúrà. Ìyá ti gbé igbá wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Oògùn ti kan oyin yìí. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."

Ìyá wo igbá, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní ohun tí àwọn ò lè fi kan ẹnu ara àwọn, àwọn ò ní gbé e fún Ọ̀ṣun. Mo rántí pé àwọn ará wa ní Cuba, kí wọ́n tó fi oyin fún Ọ̀ṣun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Ní ti Brazil, nínú ẹ̀sìn Candomblé, èèwọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni oyin jẹ́. Onírúurú ni ọwọ́ tí àwa ọmọ òrìṣà fi mú oyin, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ lóru ọjọ́ náà, mo sì sin oyin náà. Ọmọ ọlọ́yin ló ní kí n má ṣe dà á sórí ààtàn, torí oyin mìíràn á wá kó o, wọ́n á sì gbé oògùn náà lọ sílé tiwọn. Nǹkan bí oyin 12 ló ń fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ kí ṣíbí tíì kan tó kún. Èyí tí mo sin kún igbá méjì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́

Tí oyin bá bà sórí igi nílé yín, ẹ má sọ òkò, ẹ má fi iná tàbí oògùn lé wọn. Ẹ kó ọmọdé wọlé, ẹ tú ẹran tí ẹ so mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wá ọlọ́yin kíá. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á fúnra wọn lọ.

Tí wọ́n bá dìde sí yín, ẹ má dúró máa gbá wọn. Ẹ fi aṣọ bo ojú àti orí, ẹ sáré wọnú ilé tàbí ọkọ̀, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ má bẹ́ sínú omi o, wọ́n á dúró dè yín lókè.

Ẹ̀gún tí oyin bá fi sílẹ̀ lára ṣì máa ń tú oró sínú ara lẹ́yìn tí oyin náà ti lọ. Ẹ tètè fi èékánná ha á kúrò, ẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ fi omi tútù sí i. Ṣùgbọ́n tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí mímí bá nira, tí gbogbo ara bá sú, tí òòyì bá ń kọ́ ẹni náà, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Bákan náà ni tí ó bá jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ta lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àgbo lè dúró, ìyẹn ò lè dúró.

Tí wọ́n bá ti kó oyin lọ, ẹ ha ìda tó kù níbẹ̀ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ sì dí ihò náà. Òórùn ìda máa ń pe oyin mìíràn. Àmù Ìyá ti wà ní ìdúró báyìí, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, a da iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, a sì gbin òdúndún sí i.

Oyin tó padà wá

Ọmọ ọlọ́yin ti sọ pé owó iṣẹ́ òun ò ní pọ̀ tí a bá jẹ́ kí òun máa sin oyin náà, òun á sì fún wa nínú rẹ̀ tí àsìkò bá tó. A lọ wò ó lóko nígbà kan. Wọ́n gbé àpótí náà sórí igi mẹ́rin, wọ́n ti ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan bọ agolo tó ní ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, kí ìjàlọ má bàa gùn ún. Ìyá kí àwọn oyin náà lókèèrè bí ẹni tó lọ kí ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá fún wa. Oyin tó mọ́ ni, tí oògùn kankan ò kàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ tí oyin ta, bímọ ọkùnrin. Oyin yẹn la fi kó o jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin ọlọ́mọ: àwọn dókítà kìlọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ oyin rárá, ì báà ṣe ìtọ́wò, torí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ ọwọ́ ò lè ṣẹ́gun. Nílé tiwa, iwájú orí ọmọ ni Bàbá Àwo fi oyin kàn, wọ́n sì wúre. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti gbogbo àwa tó pé jọ la tọ́ ọ wò fún un. Adùn ò dín nínú ìwúre náà.

Kí wọ́n tó gbé oyin kọjá sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, Ìyá pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, èyí tí wọ́n ta. Ó ti di ọmọ ọdún 7. Wọ́n ní òun ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọ náà wo inú àwo, ó wo mí, ó sì bi mí pé, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sí èyí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, ṣùgbọ́n omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Mi ò fi nǹkan kan sí i, ọmọ mi. Mo kọ́kọ́ bèèrè."

Kí Elédùmarè má jẹ́ ká fi ìkánjú ba ohun tí sùúrù ì bá tún ṣe. Ayé wa á dùn bí oyin. Àbọrú, àbọyè, àbọ ṣíṣẹ.